Káàdì Tí Olówòkéré Fi Gírísì Pa

Ogójì ọdún ni Pius Olówòkéré fi tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Awoye, títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi lè gbé ẹ́ńjìnì mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà kan wá sí ilé ẹ̀kọ́ ìlú, òun ni àwọn àgbà ní kó máa tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó mọ inú ẹ̀rọ kan, inú ẹ̀rọ gbogbo ló mọ̀. Òun náà gbà wọ́n gbọ́.

Tẹ́ní, olùkọ́ ọ̀dọ́ tó ti Ìlọrin wá, ló fi Linux, ètò kan tí kò wúwo fún ẹ̀rọ, sínú kọ̀ǹpútà náà nígbà tí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ di ìgbín. Ó kọ́ bàbá náà ní díẹ̀díẹ̀, bàbá sì ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé kan.

Ọdún tí àwọn oníbọn gba ojú omi nìyẹn. Lọ́jọ́ tí ìró ìbọn ta láti ọ̀nà Molutehin, gbogbo ìlú sá wọ inú igbó ẹ̀gbà létí omi. Kò sí ẹlẹ́ńjìnì níbẹ̀ tí yóò sá láìkọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀ sápò. Bí olè bá dé, òkú irin ni yóò bá. Olówòkéré wo kọ̀ǹpútà, ó bi ara rẹ̀ pé èwo ni púlọ́ọ̀gì ti èyí. Ó ṣí i, ó fa káàdì kékeré tí okùn íńtánẹ́ẹ̀tì ń wọ̀ yọ. Kó tó fi ọ̀rá wé e, ó fi gírísì pa á látòkè délẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe sí gbogbo irin tí iyọ̀ òkun lè jẹ. Nígbà tí wọ́n padà sílé, ó tì í bọ àyè rẹ̀ tòun ti gírísì. Kò sọ fún ẹnì kankan.

Íńtánẹ́ẹ̀tì kò wá. Bàbá tẹ gbogbo ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀. Ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ọjọ́ méjì gbáko, gálọ́ọ̀nù pẹtiróòlù mẹ́ta wọ jẹnẹrétọ̀ lọ lásán. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ọmọ mọ́kàndínlógún tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde gbọ́dọ̀ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò ní Awoye kí aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀ tó lù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọdún kan ti ṣòfò fún wọn.

Nígbà tí àwọn òbí bi í, ó ní, "Tíṣà ni kẹ́ ẹ bi. Kó tó kó Linux sínú rẹ̀, ṣé kì í ṣiṣẹ́ ni?"

Láti ọjọ́ náà ni Moríkẹ́, tí Jọọlá ọmọ rẹ̀ wà nínú àwọn mọ́kàndínlógún, kò ti kí Tẹ́ní mọ́.

Nígbà tó di ọ̀sán Jímọ̀, Tẹ́ní fa àga súnmọ́ bàbá. Ó tẹ lspci. "Bàbá, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ nìyí. Ẹ bá mi wá káàdì yẹn níbẹ̀."

Olówòkéré gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó kà á ní ìlà kọ̀ọ̀kan. "Kò sí níbẹ̀."

"Ẹ ẹ̀ rí i? Ẹ̀rọ ò tiẹ̀ mọ̀ pé káàdì kankan wà. Kì í ṣe Linux. Bàbá, ṣé ẹnikẹ́ni ṣí i?"

 Bàbá rí gírísì náà lójú inú rẹ̀, bó ti dúdú tó, bó ti ki tó. Ẹnu rẹ̀ ní, "Ta ni yóò ṣí i? Ṣé mo jọ ẹni tí í tú nǹkan oníǹkan ni?"

Kọ́lájọ, ọkọ Moríkẹ́, rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ọjọ́ méjì lẹ fi jókòó tì í, Bàbá Kọ̀ǹpútà. Bó bá ṣe ẹyin ni, ì bá ti pa. Tíṣà, ẹ kọ orúkọ wọn sí pépà. Bí mo bá gbéra báyìí, màá bá àwọn elétò ìdánwò ní Ìgbókọ̀dá."

Moríkẹ́ di aṣọ rẹ̀ mú. "Ojú omi wo? Ọkọ̀ mẹ́ta ló jáde lọ́sẹ̀ yìí, mélòó ló padà? Mo bẹ̀ ọ́, bàbá Jọọlá."

"Ṣé kí ọmọ wá tún kíláàsì kan náà ṣe nítorí pé ẹ̀rù ń ba bàbá rẹ̀?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Olówòkéré bá wọn rín in; ẹ̀rín náà korò lẹ́nu rẹ̀ bí ewúro. Ó jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ń ṣe bí ẹni ń kà. Kọ́lájọ mú pépà orúkọ náà, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Bàbá gbọ́ tó fa okùn ẹ́ńjìnì lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Ó tún fà á. Ọwọ́ Olówòkéré ló tún ẹ́ńjìnì náà ṣe kẹ́yìn. Ó mọ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni í gbà. Ó sì gbà.

Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ bàbá tó gbéra. Ó sáré lórí afárá pákó, bàtà rẹ̀ kan já bọ́ sómi. "Kọ́lájọ! Pa á! Èmi ni!"

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Èmi ni mo ṣí i. Mo yọ ọ́ bíi púlọ́ọ̀gì, mo sì fi gírísì pa á. Tíṣà ò mọwọ́ mẹsẹ̀."

Kọ́lájọ pa ẹ́ńjìnì. Ẹnì kankan ò bú bàbá; bí wọ́n bá bú u ni, ì bá sàn. Tẹ́ní yọ káàdì náà, ó fi àkísà nù ún, ó sì gba ìrésà pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ Jọọlá, ó fi ha etí káàdì náà tó ń wọ inú ẹ̀rọ títí tó fi ń dán bíi góòlù. Ó tì í padà, ó tan ẹ̀rọ, ó tún tẹ lspci. Ìlà kan lé sí i. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni orúkọ àwọn ọmọ lọ.

"Tíṣà," Olówòkéré wí, "ẹ foríjì mí." Kò pè é ní ẹ̀yin rí.

"Ó ti tán, Bàbá," Tẹ́ní fèsì, ṣùgbọ́n kò gbójú sókè.

Moríkẹ́ kí Tẹ́ní, ó bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ẹ̀gbẹ́ bàbá, ó dúró. "Ẹ gbọ́ tí mo ń bẹ ọkọ mi kó má lọ. Ẹ sì jókòó, ẹ jẹ́ kó fa okùn yẹn lẹ́ẹ̀mẹta."

Olówòkéré kò lè wò ó lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni lóòótọ́. Òun náà kà á.