Ọmọ Tí Ìyá Mi Ń Pè Ní Ọkọ

Ìyàwó mi ti kó kúrò nílé wa ní Sabon Tasha, ní Kaduna, fún nǹkan bí oṣù mẹ́jọ àtààbọ̀ kó tó bímọ ní àdúgbò Trikania. Kó tó lọ, ó ti pẹ́ tí a ti ń sùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àfi ọjọ́ tí wọ́n pè mí láti ìlú pé bàbá mi ti jáde láyé. Lọ́jọ́ yẹn ó wá jókòó tì mí, kò sì padà sí yàrá rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ló kó lọ. Ọjọ́ kan ṣoṣo yẹn ni mo ní láti fi ka oṣù. Àwọn ará àdúgbò ní tiwọn ti rí i lẹ́ẹ̀mejì nínú mọ́tò awakọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì àdúgbò Television, wọn kò sì fi pamọ́ fún mi.

Mo ní n kò lọ́mọ níbẹ̀. Ìyá mi gbọ́, wọ́n wọ mọ́tò láti ìlú wa ní Kogi, aṣọ opó dúdú ṣì wà lọ́rùn wọn. N kò lọ síbi ìkómọ. Àwọn ni wọ́n lọ. Wọ́n sọ owó sínú abọ́ omi lórúkọ mi, wọ́n sì sọ ọmọ náà ní orúkọ tí à ń sọ ọmọkùnrin tó bá dé lẹ́yìn ikú bàbá àgbà rẹ̀: ẹni tó lọ ti padà. Tí ìyá ènìyàn bá ti bá a sọ owó sínú omi báyìí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Kaduna jẹ́rìí sí i, wọ́n sì jẹ ìrẹsì wọn lọ.

Ìyá mi kò padà sílé mọ́. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé, àmọ́ Trikania ni wọ́n ń lọ ṣáá, wọ́n á kúnlẹ̀ kí ọmọ ọwọ́: "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Nígbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, Hausa ló fi ń dá wọn lóhùn. "Kaka, ruwa," á ní, pé ìyá àgbà, omi, ìyá mi á sì sáré bu omi fún un. Bàbá mi kò sì gbọ́ Hausa kankan títí wọ́n fi kú. Inú á bí mi, ẹ̀rín á tún pa mí.

Ọmọ ń lọ sí ọdún mẹ́ta nígbà tí ìyàwó mi fẹjọ́ mi sùn ní ọ́fíìsì wẹ́fíà, pé kí n máa gbọ́ bùkátà ọmọ. Ìyá mi bá mi lọ, ọmọ wà lẹ́sẹ̀ wọn. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ti fọ́ọ̀mù sí mi.

"Oga, na your pikin? Sign. You dey doubt? We go do test. Shi ke nan, e don finish."

"Ẹ jẹ́ ká ṣe é," ìyàwó mi wí. "Ẹ̀rù ò bà mí."

Mo gbà á gbọ́, n kò sì gbà á gbọ́. Bí àyẹ̀wò bá ní tèmi ni, mo ti dójú ti obìnrin lásán fún ọdún mẹ́ta. Bí ó bá ní kì í ṣe tèmi, ìyá mi á di opó lẹ́ẹ̀kejì, èmi ni màá sì pa ọkọ wọn. Mo wo ìyá mi, wọ́n ń fi etí ìró nu itọ́ lẹ́nu ọmọ. Mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé ọmọ mi ni, láìṣe àyẹ̀wò.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, ó ku èmi àti ìyá mi.

"O ṣeun," wọ́n wí. "Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ ni."

"Màmá, kí lẹ wí?"

"Bàbá rẹ ò ní irú etí yẹn, ìwọ náà ò ní i. Ọjọ́ ìkómọ ni mo ti rí i."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi sọ ọ́ lórúkọ?"

"Ilé dá páropáro," wọ́n wí. "Mo rò pé tí mo bá ń pè é bẹ́ẹ̀, á rí bẹ́ẹ̀."

Mo fẹ́ bínú, n kò rí ẹni tí màá bínú sí. Mo ṣáà bẹ̀ wọ́n pé kí ìyàwó mi má gbọ́.

Níparí oṣù, èmi fúnra mi ni mo gbé owó oúnjẹ lọ Trikania. Ọmọ náà sáré wá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé e, n kò sì lè gbójú kúrò létí rẹ̀.