Táńkì Tó Jáde Nínú Ilẹ̀, àti Ìyá Tí Wọ́n Ní Kó Máa Lọ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí nínú ilé ara mi. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Inú ṣì ń bí mi o, torí náà bí ọ̀rọ̀ mi bá ta yín, ẹ fara dà á.

Ìtèlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀tà, là ń gbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ọ̀tà dáadáa, ẹ rántí pé nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ńláńlá àti yunifásítì ya dé, kò sí ilẹ̀ tí wọn ò tà. Wọ́n ta oko, wọ́n ta igbó, nígbà tó yá wọ́n ta àbàtà. Àbàtà ni tiwa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la lọ wò ó, ilẹ̀ gbẹ táútáú, a ń jó, a ń yọ̀. Ta ló máa ronú kan òjò nígbà yẹn?

Omi kànga ibẹ̀ pọ́n, ó sì ń rùn. Ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ oníke kan ní Sango, wá ra táńkì oníke ńlá, wọ́n sì sin ín sínú ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀. Mọ́tò olómi á wá rọ omi sínú rẹ̀, ẹ̀rọ á fà á sókè fún wa.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń pòṣé torí ẹ gbọ́ ìyá ọkọ, ẹ rọra! Ìyá yìí ló bá mi wẹ gbogbo ọmọ mi. Ìlú Àtàn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ oko kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. Láràárọ̀, wọ́n á gbé àpótí sórí sìmẹ́ǹtì tó bo táńkì yẹn, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa run pákò wọn jẹ́jẹ́.

Ó wá ku ká ya ilé sí mímọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Dádì, bí a ṣe ń pe olùṣọ́àgùntàn wa nìyẹn, gbọ́dọ̀ gbàdúrà sí omi ilé tuntun, omi ọ̀hún kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ omi tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Bí ọkọ mi ṣe fa gbogbo omi inú táńkì dà nù nìyẹn, tó fọ inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọjọ́ kejì ni omi tuntun máa dé.

Ìyá rí omi tó ń ṣàn lọ. Wọ́n ní, "Ẹ má da omi yẹn nù, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀." Omi tó ń ṣòfò ló ń dùn wọ́n o! Ẹni tó ti fi orí ru omi láti odò rí, ṣé inú rẹ̀ á dùn sí irú ìyẹn? Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Òjò dé. Òjò tiwa níbí, ẹ mọ̀ ọ́n! Ojú ọ̀nà di ẹrẹ̀, mọ́tò olómi dé ìdajì ọ̀nà, ó ṣẹ́rí padà. Táńkì ṣófo, òjò ò dá.

Àárọ̀ ọjọ́ ìyàsímímọ́ gan-an la gbọ́ "gbàà!" lẹ́yìnkùlé. Mo rò pé fẹ́ǹsì ló wó. Ìgbà tí a máa jáde, táńkì ti jáde nínú ilẹ̀! Ó ti fọ́ sìmẹ́ǹtì, ó ti já páìpù, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú omi ẹrẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò fà á, ẹnikẹ́ni ò gbé e.

Ibẹ̀ ni Dádì àtàwọn àgbà ìjọ bá wa. Dádì wò ó títí, wọ́n ní ohun tí èèyàn bá sin kì í dédé jáde. Wọ́n bi wá pé ta ló máa ń jókòó síbẹ̀. Ẹnì kan ní Ìyá ni. Ọkọ mi, ọkọ tèmi, wá la ẹnu rẹ̀, ó ní Ìyá mà sọ pé ká má da omi yẹn nù o!

"Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀?" Dádì ló bèèrè.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Ìyá. Mo pariwo, wọ́n ní mò ń bá Ọlọ́run jà. Dádì ní kí Ìyá kúrò nílé náà ká lè gbààwẹ̀. Ìyá dìde. Wọ́n tún ìró wọn ró, ọkọ mi, ọmọ tí wọ́n bí, gbé báàgì wọn, ó mú wọn lọ sí Àtàn. Àwọn ọmọ mi ń sunkún tẹ̀ lé wọn dé ẹnu géètì.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, mo ń fọ kẹ́ẹ̀gì epo nínú báàfù. Mo dé e, mo tẹ̀ ẹ́ wọnú omi. Ó ta padà, ó fọ́n omi sí mi lójú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún ta padà. Mo wá bu omi kún inú rẹ̀. Ó rọra wọlé, kò bá mi jà mọ́. Ọkàn mi lọ sí táńkì wa.

Ṣé ẹ rí i, omi máa ń ti ohun gbogbo tó bá wọ inú rẹ̀ sókè. Bí nǹkan náà bá wúwo ju omi tí ó tì kúrò láyè lọ, á rì. Bí kò bá wúwo tó o, omi á gbé e. Ìdí nìyẹn tí ṣíbí irin fi ń rì nígbà tí a bá ń fọ abọ́, tí abọ́ irin tó tóbi jù ú lọ sì ń léfòó: afẹ́fẹ́ ló wà nínú abọ́. Òjò ti kún inú ilẹ̀ àbàtà wa, omi ti yí táńkì ká. Omi inú táńkì ló ń dì í mú nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwa la sì fọwọ́ ara wa dà á nù!

Mo pe ọkọ mi kó wá tẹ kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó ń fojoojúmọ́ ṣe ike o! Ó tẹ̀ ẹ́ títí aṣọ rẹ̀ fi rin. Ó jókòó sílẹ̀. Ó lọ ṣàlàyé fún Dádì, Dádì ní èṣù náà lè lo omi.

A lọ sí Àtàn, tòun ti kẹ́ẹ̀gì àti báàfù. Ọkọ mi tẹ kẹ́ẹ̀gì níwájú Ìyá, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n bá wa padà sílé. Ìyá wò ó tán. Wọ́n ní, "Kẹ́ẹ̀gì lo bi léèrè, o sì gbà á gbọ́. Èmi tí mo bí ọ, ìwọ ò bi mí ní nǹkan kan."

Wọ́n fún wa ní àgbàdo sísun. Wọ́n sìn wá dé títì, wọ́n ní ká kí àwọn ọmọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́lé sí àbàtà, ẹ má jẹ́ kí táńkì inú ilẹ̀ ṣófo lásìkò òjò. Bí nǹkan tí kò yé yín bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ má wá ìyá arúgbó tẹ́ ẹ máa di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Kí ló ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà? Ẹ kọ ọ́ síbí, mò ń kà á. A ti dá táńkì wa padà sínú ilẹ̀, a da kọnkéré tó nípọn lé e. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń dá ìyá padà sílé, ẹ jọ̀ọ́, kó sọ fún mi.