Mo Fẹ́ Fi Ìlú Benin Han Màmá Mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sùúrù òun ṣe tó, kó gba màmá mi lálejò.

Àwọn nìkan ló kù sílé wa ní Iléṣà lẹ́yìn ikú bàbá wa. Nígbà tí wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, tó jẹ́ pé aládùúgbò ló gbọ́ igbe wọn, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, ọ̀dọ̀ mi ní Benin ni wọ́n á máa gbé. Wọ́n ní àwọn á kọ́kọ́ wá fi ọjọ́ mẹ́ta wò ó ná. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ní láti fi mú kí ìlú wọ̀ wọ́n lójú.

Mo gbàyè níbi iṣẹ́. A ó gba Ring Road, kí wọ́n rí Ọjà Ọba, ká wo àwọn ilé ńláńlá GRA, ká jẹun ní Airport Road. Láàárọ̀, mo ti tan ọkọ̀, Màmá ò wọ̀ ọ́.

"Onílé rẹ dà?"

"Ojúlé kejì ni wọ́n ń gbé, Màmá. Orí fóònù la ti máa ń sọ̀rọ̀."

"O wá fẹ́ kí n máa rìn kiri ìlú onílùú bí ewúrẹ́ tó já, n ò tíì kí onílé?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó. Mo ní Bìní ni bàbá náà, kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n kọ etí ikún sí mi, wọ́n gbé iṣu méjì, ó di ojúlé kejì.

Onílé ti jáde. Ìyá àgbà kan ń bó ẹ̀gúsí lẹ́yìnkùlé, wọ́n fi pijin sọ fún mi pé ìyá onílé làwọn. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gbé ilé ọmọ wọn, n ò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Màmá kúnlẹ̀ kí wọn. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Àfi bí Màmá ṣe fa àpótí, tí wọ́n bu ẹ̀gúsí sínú àwo. Ọ̀kan ń sọ Bìní, èkejì ń sọ Ìjẹ̀ṣà, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Èmi dúró sínú oòrùn, mò ń wúkọ́, mò ń wo aago. Inú bí mi débi pé n ò lè jẹun ọ̀sán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ kejì. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí Màmá ò tíì fojú kan Ring Road, mo fìbínú bi wọ́n bóyá kí n wá ọkọ̀ Iléṣà fún wọn. Wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́.

Ara mi wálẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní fi èmi nìkan sílẹ̀."

"Ìwọ kẹ̀? Ìgbàkigbà tí mo bá pè ọ́, ibi iṣẹ́ lo máa ń wà. Ìyá yẹn ni mo dúró tì."