Bíríkìlà Tó Fọ́ Kọnkéré Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ẹ béèrè ẹni tó mọ kọnkéré í dà, Israfil ni wọn yóò júwe fún yín. Bíríkìlà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ju ti ògiri lọ. Àgbàlá tí ẹrẹ̀ ti ń yọ onílé lẹ́nu láti ayé baba rẹ̀, bí Israfil bá da símẹ́ńtì sí i ní Sátidé yìí, kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, ẹ lè fi aṣọ funfun jókòó síbẹ̀.

Ọjọ́ kan ló ń rẹ́ ògiri ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Akẹ̀sán, ni pákó tó dúró lé bá ṣẹ́. Egungun itan ọ̀tún rẹ̀ kán, ìbàdí rẹ̀ sì yẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló lò ní ọsibítù. Wọ́n fi irin sí i nínú itan, wọ́n fún un ní igi méjì tí yóò máa fi ti abẹ́ abíyá rìn, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé bí kò bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ náà yóò gan. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Waliyat, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Bẹ́ẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, Zulaikha, tó ń ta aṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe wá gbé e.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò ní dá wà níbí," ni Zulaikha wí. "Mo ti tún yàrá tó kọjú sí àgbàlá ẹ̀yìn ṣe fún yín."

Israfil mọ àgbàlá náà dáadáa. Òun ló da kọnkéré sí i ní ọdún tí ọkọ Zulaikha kú, kí ẹrẹ̀ má baà tún di ẹrù lé opó lórí. Ó dà á nípọn láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ògiri, kò fi ibi tí èèrà lè gbà jáde sílẹ̀. Ní báyìí, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń wò ó lójú fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́: ilẹ̀ funfun, oòrùn tó ń ta yòò lórí rẹ̀, kò sí ohun kan tó ń mì. Oṣù méjì kọjá. Igi ìrìn méjèèjì fara ti ògiri ní igun yàrá, eruku bò wọ́n. Bí Zulaikha bá ní kó dìde, a ní, "Ó dọ̀la." Nígbà tó yá, ńṣe ló ń yíjú sí ògiri. Ó ti gbà nínú ara rẹ̀ pé ohun tó kù fún òun kò ju kí òun máa kírun lórí ìjókòó títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé.

Ìyá kan wà ládùúgbò náà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Tíṣà. Dorcas lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wá kí Israfil ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kò mú ọsàn wá, kò mú búrẹ́dì wá. Ewé kan ṣoṣo ló mú lọ́wọ́, ewé àbámodá tó ki dáadáa, ó sì tẹ́ ẹ sí ojú fèrèsé.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Waliyat. Ṣé ara ń le?"

"Ẹ ṣeun, Tíṣà. Kí ni ká fi ewé ṣe? Ṣé ká gún un ni?"

"Ẹ má gún un. Ẹ má bomi rin ín. Ẹ ṣáà máa wò ó."

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Israfil mi orí. Ewé tí wọ́n ti já lórí igi, kí ló kù fún un ju kó gbẹ lọ? Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ibòmíràn í wò, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni yóò wò. Ní ọjọ́ kẹfà, ó rí nǹkan kan ní etí ewé náà, tó rí tín-ín-rín bí ẹnu abẹ́rẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kẹwàá, ewé kéékèèké ti yọ ní ojú ibi mẹ́rin, méjì-méjì, gbòǹgbò tó funfun bí òwú sì ń jáde nísàlẹ̀ wọn. Kò sí iyẹ̀pẹ̀, kò sì sí omi.

"Zulaikha! Zulaikha o!"

Zulaikha sáré wọlé tòun ti orógùn lọ́wọ́. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun ti já bọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Bá mi wá agolo mílíìkì kan, kí o bu iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ewé yìí ti bímọ!"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àbámodá, Israfil ní kí Zulaikha má da tòmátò tó bá rà nù mọ́. Ó fún kóró wọn sínú ike ọ̀dà. Tíṣà kọ́ ọ pé kó máa lu ihò sí ìdí ike, nítorí gbòǹgbò náà ń mí, omi tó bá sì dúró sí ìdí rẹ̀ yóò rà á. Ó tún mú ewéko kan tí wọ́n ń pè ní ọjá ìkookò wá fún un, èyí tí òkùnkùn inú yàrá kò lè ṣe ní nǹkan kan. Kí oṣù kan tó pé, kò sí àyè lójú fèrèsé mọ́, ike ti gba abẹ́ tábìlì.

Àwọn tòmátò ló gbé Israfil dìde. Wọ́n hù lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ga gọ̀gọ̀rọ̀ láìlágbára, gbogbo wọn sì tẹ̀ sí ọ̀nà ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé.

"Oòrùn ni wọ́n ń wá," ni Tíṣà wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé wọn síta láàárọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Zulaikha ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí ẹnikẹ́ni tó rántí tòmátò. Israfil wo ike, ó wo igi tó wà ní igun yàrá, ó na ọwọ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló wà láàrin bẹ́ẹ̀dì àti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ó fi okùn so ike kọ́ ọrùn, ó ń dárúkọ Ọlọ́run ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òógùn ń kán tótó. Ike mẹ́rin, ìrìn mẹ́rin. Nígbà tí Zulaikha dé, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí àpótí ní àgbàlá, ó jókòó ti tòmátò bí ìyá ìkókó. Obìnrin náà sọ báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Àmọ́ kọnkéré kò fara mọ́ wọn. Tó bá ti di ọ̀sán, ooru ara rẹ̀ a máa jó ike láti ìsàlẹ̀, ewé a sì rọ jọ̀wọ̀lọ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ìdajì wọn kú. Israfil bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ náà ní ìwò mìíràn. Ó mọ ibi tó nípọn, ó mọ ibi tó fẹ́lẹ́, àfọwọ́dà rẹ̀ ni. Ní àárọ̀ Mọ́ńdè kan, ó yá òòlù àti irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó lọ́wọ́ kápẹ́ńtà tó kọjú sí wọn, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti mú òòlù gbẹ̀yìn. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti la ibi tó fẹ̀ tó ẹní ìkírun. Ilẹ̀ dúdú tó wà lábẹ́ rẹ̀ tutù minimini.

Zulaikha wọlé, ó ká ọwọ́ lérí.

"Bọ̀ọ̀dá! Kọnkéré tí ẹ fọwọ́ ara yín dà!"

"Ọwọ́ tó dà á náà ló ń fọ́ ọ."

"Ṣé kí ẹrẹ̀ tún wá kún ilé mi ni?"

"Omi tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé sí ẹ lọ́dọọdún láti ìgbà tí mo ti da nǹkan yìí ń kọ́? Iṣẹ́ ọwọ́ mi ló fà á. Mi ò fi ibi tí omi lè wọ̀ sí sílẹ̀. Jẹ́ kí òjò ńlá kan rọ̀. Bí ẹrẹ̀ bá kan ẹnu ọ̀nà rẹ, èmi náà ni màá tún un dà."

Zulaikha sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò lórí. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá a jiyàn kẹ́yìn. "Ó dáa," ló wí, ó sì wọlé lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Israfil fi fọ́ ìdajì àgbàlá. Tíṣà ru ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà wá, wọ́n kọ ebè, wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ àti ata rodo. Kò pẹ́ tí Zulaikha fi ń já ẹ̀fọ́ sí ìkòkò látinú àgbàlá rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, Israfil rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tó ti ṣubú. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò rántí ti géètì. Ìgbà tó máa dé, ewúrẹ́ mẹ́ta ló bá lórí ebè. Wọ́n ti jẹ tẹ̀tẹ̀ kan ilẹ̀, wọ́n ti tẹ ata pa, òbúkọ àárín wọn sì dúró, ó ń jẹ ewédú tó kù, ó ń wò ó lójú bí onílé. Israfil sọ igi kan lù ú. Kò bà á. Òun fúnra rẹ̀ ló ta gọ́ọ́gọ́ọ́ tó jókòó sílẹ̀, ibẹ̀ ni Zulaikha sì bá a.

"Ó ti tán," ni Israfil wí. "Màá da símẹ́ńtì rẹ padà fún ẹ."

"Ta ló bi yín ní símẹ́ńtì?" Ohùn Zulaikha le. "Ẹ̀fọ́ yẹn ni mo ń jẹ. Ṣebí bíríkìlà ni yín? Ẹ mọ ògiri!"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Israfil lára. Àwọn àfọ́kù kọnkéré ṣì wà ní òkìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n, ó ń tò wọ́n yí ebè ká, ọ̀kan ń gun èkejì, ó ń wá ojú tí yóò bára mu bí ẹni ń pa eyín pọ̀. Ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàró. Ní ọjọ́ kẹrin, ògiri ti ga dé ìbàdí. Nígbà tó gbé àfọ́kù ìkẹyìn lé e tán, ó wẹ̀yìn, ó rí igi kan nílẹ̀ níbi tó fi í sí láti àárọ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló ti fi ń rìn láìmọ̀. Ó tún ilẹ̀ kọ, ó tún irúgbìn gbìn.

Òjò ńlá náà dé ní ọ̀sán Túsìdeé kan nínú oṣù kẹfà. Zulaikha ti kó àkísà jọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún, ó bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ó ń retí omi. Òjò rọ̀ bí ẹni fẹ́ ya òrùlé. Omi ń ya wálẹ̀ láti orí páànù, ó ń dé ìdí ebè, ilẹ̀ sì ń gbé e mì. Lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àwọn aládùúgbò ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi nínú ilé. Ẹnu ọ̀nà Zulaikha gbẹ táútáú. Obìnrin ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀ yìí ju àkísà sẹ́yìn, ó bọ́ sínú òjò, ó ń jó.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wò ó! Ẹ wá wo ilẹ̀ yín!"

Nígbà tí òjò dá, orí aládùúgbò kan yọ lókè ògiri àgbàlá. "Bàbá Waliyat, ẹ jọ̀ọ́, èló ni ẹ máa gbà láti fọ́ tiwa?"

Lọ́dún yẹn, Israfil la àgbàlá mẹ́sàn-án ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí kò bá lè fọ́ ilẹ̀, a to ike sẹ́nu ọ̀nà fún un. Ẹni tí kò ní ẹnu ọ̀nà, a gbin nǹkan sí ojú fèrèsé fún un. Tíṣà ló ń yan irúgbìn, Israfil ló ń tún ilẹ̀ ṣe. Nígbà tó yá, ó gbé igi kejì náà jù sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn bíríkìlà Ọ̀yọ́ ránṣẹ́ pè é sí ìpàdé wọn. Omi ti ń da ọ̀pọ̀ ilé láàmú níbẹ̀ náà, wọ́n sì ti gbọ́ ìròyìn. Ó wọlé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń tiro díẹ̀, kò fi ọwọ́ ti nǹkan kan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dìde. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí i pé àgbà ń dìde, àwọn náà dìde. Àkànjí, olórí wọn, di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ jù ú sílẹ̀.

"Israfil, a ti rò pé a ti pàdánù rẹ."

"Mo wà ńbẹ̀. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a ti ń ṣe ní àṣìṣe fún yín."

Wákàtí méjì ló fi bá wọn sọ̀rọ̀: ibi tó yẹ kí wọ́n máa fi sílẹ̀ fún ilẹ̀, bí omi ṣe ń wá ọ̀nà, irú ohun tó lè hù nínú òjìji àti èyí tí kò lè ṣe é láìsí oòrùn. Wọ́n bi í léèrè, ó dáhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ìpàdé tú, Àkànjí ní kó sùn sọ́dọ̀ òun di ọjọ́ kejì.

"Mi ò lè sùn," ni Israfil wí, ó ti ń wọ bàtà. "Ata mi kò tíì mu omi lónìí."

Ó sì rìn lọ sí gáréèjì láti wọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́.