Ọ̀pá Àbẹ́là Téta

Kékeré ni mo wà nígbà tí màámi kó mi wá sí Dubai, láwọn ọdún 1990 yẹn. Aṣọ ló ń rà ní ọjà Deira, tó ń kó ránṣẹ́ sí Èkó. Àdúgbò Hor Al Anz là ń gbé. Ìyá àgbà kan, ará Lẹ́bánónì, wà ní fúláàtì kejì sí tiwa. Téta ni mo máa ń pè é, bí àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ṣe ń pe ìyá àgbà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò tíì rí irú ohun tó wà lórí tábìlì Téta. Ọ̀pá àbẹ́là méjì ni, idẹ gidi, tí wọ́n rọ nílẹ̀ Faransé láyé ìyá ìyá rẹ̀. Áńgẹ́lì kékeré kan ló ru ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí. Apá àwọn ọ̀pá náà yọ bí ẹ̀ka igi, èso àjàrà onídẹ sì rọ̀ sára wọn. Téta gbé wọn dání nígbà tó sá fún ogun ìlú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá a fi aṣọ nù wọ́n títí wọ́n á fi máa kọ mànà.

Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Kánádà. Àwọn ọ̀pá náà ti wúwo jù fún ẹrù ọkọ̀ òfúrufú, ló bá ní kí màámi bá òun wá ẹni tó máa rà wọ́n. A gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Sharjah. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ó dáa. Màá lu ihò sínú wọn, màá ki wáyà bọ̀ wọ́n, wọ́n á di iná mànàmáná."

Omijé ṣáà ń bọ́ lójú Téta.

Màámi, tí kì í jẹ́ kí ọjà bọ́ lọ́wọ́ òun, kó méjèèjì mọ́ra. "Khalas, ọ̀gá. A ò tà mọ́."

Nínú takisí, Téta di ọwọ́ màámi mú. "Ọmọ mi, màá gbìyànjú mú ọ̀kan lọ. Ìkejì, tiyín ni. Ẹ má kàn gbé e kalẹ̀ lásán o, ẹ máa tàn án."

"Ẹ̀yin náà, ẹ máa tan tiyín, Mama."

Ọjọ́ tí Téta dé Kánádà, ó fi fóònù pè wá, ó ní òun ti tan tòun. Màámi ṣáná sí tiwa. Wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sunkún.

Ayé ti yí padà. Lónìí, èèyàn á ya fọ́tò nǹkan ìyá rẹ̀, á gbé e sórí fóònù láti tà á, kílẹ̀ tó ṣú, ẹni tí kò mọ̀ rí ti gbé e lọ. N ò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó bá àgbàlagbà ta nǹkan rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jókòó tì í, kó sọ bó ṣe dọ́wọ́ òun.