Ojú Mi Rí Tó Lọ́wọ́ Ewúro

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ewúro fojú mi rí nígbà tí mo wà ní yunifásítì n'Íbàdàn, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn òmìnira.

Iṣẹ́ mi ni láti yọ ohun tó ń mú ewúro korò jáde, kó dá dúró lóun nìkan. Òun ni mo fẹ́ fi gboyè. Ewé tí mo kọ́kọ́ já lẹ́yìn ilé wa ní Ìsólò-Ọ̀pin mú nǹkan funfun kan jáde, àmọ́ kò ju èékánná ọmọdé lọ. Òyìnbó ọ̀gá mi ní ó kéré jù, kí n wá púpọ̀ sí i láti ara igi kan náà. Oṣù kan péré ló sì kù kí ọ̀gá náà padà sílùú wọn! Bí n kò bá rí i kó tó lọ, mo máa fi odidi ọdún kan dúró de ọ̀gá mìíràn.

N kò ráyè lọ sílé. Mo kọ lẹ́tà sí ìyá mi, tíṣà ìjọ wa ló kà á fún wọn. Mo ní kí wọ́n bá mi já ewúro ẹ̀yìn ilé, kí wọ́n sá a gbẹ, kí wọ́n fi rán dírẹ́bà ọkọ̀ tó ń bọ̀ n'Íbàdàn sí mi. Ó parí. Kí ni mo tún fẹ́ ṣàlàyé fún ìyá tí kò mọ̀wé? Ìgbéraga! Mo gbà.

Àpò kan dé. Mo lọ̀ ọ́, mo fi sípíríìtì rẹ ẹ́, mo sẹ́ ẹ, mo jẹ́ kí sípíríìtì náà gbẹ kúrò nínú omi rẹ̀ títí ó fi ki. Mo wá dà á sórí ìyẹ̀fun funfun tí mo ti kì sínú ọ̀pá gíláàsì gígùn kan, mo ń fi kẹ́míkà ṣàn án wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà nínú ewé á máa pínyà lọ́nà. Àwọ̀ yẹ́lò á kọ́kọ́ jáde, àwọ̀ ewé á tẹ̀lé e, èyí tó korò á máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀pá yẹn gbẹ o! Bó bá gbẹ, ìyẹ̀fun inú rẹ̀ á sán, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí náà, láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ni mò ń jókòó tì í. Ẹ̀yìn ń dùn mí, kẹ́míkà ń ta mí lójú. Mo ń gbe ohun tó ń kán sínú ìgò kéékèèké, mo ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgò kẹwàá, kò korò. Ogójì, kò korò! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè sunkún.

Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó lọ.

Mo wálé. Ìyá mi kọ́kọ́ bèèrè bóyá ewúro yẹn tó mi í jẹ. Ara mi fu. Mo ní báwo ni wọ́n ṣe ṣe é?

“Mo fọ̀ ọ́ títí omi ẹ̀ fi mọ́ kedere. Ọwọ́ mi bó! Ṣé ewúro kíkorò ni mo máa fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi ni?”

Bàbá mi dá sí i látorí àga wọn pé omi tí wọ́n fọ̀ kúrò lára rẹ̀ ṣe inú àwọn lóore gan-an. Kọ́ọ̀bù mẹ́ta ni wọ́n mu! Ẹ gbọ́, oyè mi ni bàbá mi mu yẹn.

Mo fẹ́ pariwo, àmọ́ mo wo àtẹ́lẹwọ́ ìyá mi tó ti bó. Mo ní ìkorò yẹn gan-an ni mo ń wá. Ìyá mi wo ojú mi.

“Ùwọ éè sọ fún mi o, ọmọ mi.”

Òótọ́ ni. N kò sọ. Ẹ máa ṣàlàyé iṣẹ́ yín fún ẹni tó bá fẹ́ ràn yín lọ́wọ́, kò sí ẹni tó kéré jù láti gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló fẹ́ràn yín débi pé ó bá iṣẹ́ yín jẹ́? Ẹ sọ ọ́ fún mi. Nítorí ọdún tí mo pàdánù yẹn ṣì ń dùn mí, n kò sì rí ẹni tí mo lè bínú sí.