Èbù Tí A Rà Lọ́wọ́ Ìjọba

Òórùn iṣu sísun ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí imú tó dà bí imú mi ní gbogbo ilẹ̀ Okun. Láti ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi ní Kábà ni mo ti máa ń gbọ́ òórùn iṣu tí wọ́n ń sun ní Ẹ̀gbẹ̀, n ó sì sọ fún ọ bóyá ìyàwó ilé ló ń sun ún àbí ìyá ọkọ. Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rẹ́ mi. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tó ku díẹ̀ kí òyìnbó gbé ìjọba sílẹ̀, imú ọ̀hún kò rí òórùn iṣu gbọ́. Òjò ti tètè dá, iṣu kò ta, àwọn tó lówó sì ti ra ìwọ̀nba tó jáde, wọ́n tì í mọ́lé.

Ìjọba ní àwọn yóò tún un ṣe. Wọ́n lu agogo, wọ́n kéde iye tí a gbọ́dọ̀ máa ta iṣu. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbé iṣu wá sọ́jà mọ́; ata àti ẹ̀fọ́ nìkan ló kù lórí àtẹ. Ìgbà náà ni wọ́n wá ní àwa àgbẹ̀ là ń kó iṣu pamọ́. Wọ́n rán ọ̀gá kan sí wa láti ilẹ̀ iyanrìn lókè Kàdúná lọ́hùn-ún, ẹni tí wọ́n fi ọkà bàbà tọ́ dàgbà, tí kò rí ibi tí iṣu ti ń hù rí. Àwọn dògárì, ọlọ́pàá ìjọba ìbílẹ̀ ìgbà yẹn, tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀pá.

Bẹ́ẹ̀ a ti gbin èbù. Ìwọ náà mọ̀ pé inú ọ̀gbẹlẹ̀ la ti ń ri èbù sínú ebè, tí a ó fi koríko dé e lórí kí oòrùn má baà sè é, kó máa dúró de òjò. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo dá oko tèmi ni. Èbù yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní. Ìyàwó mi ti lóyún, bí èbù bá sì bàjẹ́, oko bàbá rẹ̀ ni n ó padà sí bí alágbàṣe.

Ọ̀gá dé oko mi, ó fi bàtà ta koríko kúrò lórí ebè kan, ó ní kí wọ́n wú u. Iṣu jáde! Ó pariwo bí ẹni tó mú olè. Ògbifọ̀ rẹ̀, ọmọ Ìjùmú, yíjú sí mi.

"Ó ní o ri oúnjẹ mọ́lẹ̀ kí ebi lè pa aráàlú."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un pé èbù ni."

"Mo ti sọ. Ó ní kí ló ń jẹ́ èbù."

"Iṣu tí a gbìn ni!"

"Ó ní o ti jẹ́wọ́ pé iṣu ni."

Kí n tó mí, ebè mi ti di kòtò. Wọ́n kó èbù gbogbo àdúgbò wa lọ sọ́jà, wọ́n tò ó sílẹ̀ fún àwọn tí ebi ń pa. Ta ni yóò jẹ èbù tó ti ń hù, tí a ti fi eérú pa lára? Ní ọ̀ọ́kán ibẹ̀ ni ilé oníṣòwò gàrí kan wà, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù. Ilẹ̀kùn rẹ̀ tì gbọin. Abẹ́ òrùlé rẹ̀ ni ọ̀gá sá oòrùn sí. Imú mi ń gbọ́ òórùn gàrí nínú ilé náà, ti ọ̀gá kò gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Iye, wá se èbù kan, ó gbé e síwájú ọ̀gá, ó kí i bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa: "Okun o, ọmọ mi. Oúnjẹ tí o bá wa wá rèé, jẹ ẹ́ kí a wò." Ọ̀gá fi sẹ́nu, ó tu ú jáde. Iye ní, "Ẹni tó jẹ èbù ti jẹ ọdún tó ń bọ̀. Ìwọ tu tìrẹ, àwa la ó gbé e mì." Ọjà hó yèè.

Nígbà tó yá, àwa tí a ni èbù fi owó ra èbù wa lọ́wọ́ ìjọba, a tún un gbìn. Púpọ̀ jẹrà kí òjò tó dé. Iṣu ìwọ̀nba tó hù ni mo fi bọ́ ìyàwó mi nígbà tó bímọ. Títí dòní, bí rédíò bá ní ìjọba ń bọ̀ wá wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, oko mi ni mo kọ́kọ́ ń sáré lọ wò.

Ó yẹ kí n sọ ibi tí mo ti parọ́. Kì í ṣe imú o. Ọ̀rọ̀ imú, n kò yí i padà. Iye ni. Iye kò se nǹkan kan, kò sì la ẹnu. Òun ló ṣáájú wa, ó kúnlẹ̀, ó sanwó èbù tirẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá." Gbogbo wa tẹ̀ lé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan wa sì dúpẹ́. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sí i lẹ́nu, nítorí ó ń dùn mí títí dòní pé nínú gbogbo wa, kò sẹ́ni tó sọ ọ́.